Ilé Tó Wà Láàárín Gáàsì àti Iná

Ọmọkùnrin méjì ni Ìyá Alágbàfọ̀ bí, ooru sì ni àwọn méjèèjì ń tà jẹun. Èyí àkọ́bí ń ta ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń lo gáàsì, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń lọ bá àwọn oníbàárà rẹ̀ kàn án mọ́ ògiri. Onígáàsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èyí àbúrò ń ta irú tó ń lo iná mànàmáná, òun náà di Oníná. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé inú ooru ni ìyá wọn ń sùn, inú ooru ló sì ń jí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ilé náà wà ní ìparí òpópónà kan tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, níbi tí atẹ́gùn kọ́kọ́ máa ń kọlù kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Bàbá àwọn ọmọ yìí ló kọ́ ọ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ omi gbígbóná ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni òun àti Ìyá Alágbàfọ̀ ti pàdé, nítorí ìyàwó ń lọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ní yàrá ìfọṣọ, ọkọ ló sì ń fi ooru ránṣẹ́ sí i láti inú páìpù. Wọ́n máa ń fi èyí ṣẹ̀fẹ̀ láyé ọjọ́un. Ọkọ á ní òun ti ń mú ọwọ́ obìnrin náà móoru kí òun tó mọ ojú rẹ̀.

Bàbá ti kú. Ó fi ẹ̀rọ gáàsì kan sílẹ̀ lára ògiri ilé ìdáná, èyí tó ń ti omi gbígbóná gba inú àwọn irin kan tó wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ó tún fi ṣọ́ọ̀bù gáàsì kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n jọ máa ṣe é. Wọ́n jọ ṣe é fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, àbúrò lọ kọ́ ti iná, ó padà dé, ó ní kí àwọn máa ta méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Gáàsì ni bàbá wa fi tọ́ wa."

Àbúrò ní, "Bàbá wa náà fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ títí ayé rẹ̀, ẹ̀yin sì ra mọ́tò."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú ṣọ́ọ̀bù ká. Oníná gba ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ sí òdìkejì títì, ó kọjú sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tààrà. Ẹni tó bá dúró láàárín títì lè rí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú wọn jókòó sẹ́yìn gíláàsì, kálukú ń ṣe bí ẹni tí kò rí ẹnì kejì.

Ìyá Alágbàfọ̀ kò dá gbé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń bá a gbé, obìnrin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé kan. Alásè ni wọ́n ń pè é. Kò bímọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tó ohùn ìyá ọlọ́mọ mẹ́wàá, torí ẹni tó ti ń fi ṣíbí ńlá pe àwọn ọmọ sórí ìlà kò lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kọ iṣẹ́. Àga onítìmùtìmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí láti òwúrọ̀, á máa wo àwọn tó ń kọjá, á máa sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn fún wọn láì jẹ́ pé wọ́n gbọ́.

Ìgbà tí òtútù ọdún yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ni ẹ̀rọ gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Á gbiná, á kú, á tún gbiná. Onígáàsì wá, ó tú ojú rẹ̀, ó yọjú sínú rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ní fáànù kékeré tó ń ti èéfín síta ni kò dára mọ́, pé òun á ránṣẹ́ ra tuntun. Ó ní kí wọ́n má tan ẹ̀rọ náà kí òun tó dé, nítorí èéfín gáàsì kì í kanlẹ̀kùn kó tó pa èèyàn.

Kó tó padà dé, Oníná gbọ́. Ó kó ẹ̀rọ amúlégbóná oníná méjì wá, ó gbé ọ̀kan sí yàrá ìyá rẹ̀, ó gbé ọ̀kan sí ti Alásè. Wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n funfun báláú, wọn kì í pariwo. Alásè na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí tiẹ̀.

"Ẹ wo nǹkan," ó ní. "Ó ń ṣiṣẹ́, kò sì kùn. Ká ní mo rí ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti lọ́kọ."

Onígáàsì gbé fáànù tuntun dé ní ọjọ́ ìsinmi. Ó fi ojú kan ẹ̀rọ funfun náà láti ẹnu ọ̀nà, kò sì tíì bọ́ bàtà.

"Ta ló gbé pàǹtí yìí wọlé?"

Àbúrò rẹ̀ wà nílé ìdáná, ó ń mu tíì. Ó dáhùn láti ibẹ̀, "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í sì í ṣe pàǹtí. Gbogbo iná tó bá wọ inú rẹ̀ pátá ló ń di ooru, kò sí èyí tó ń ṣòfò. Tiyín ńkọ́? Ẹ lọ síta kí ẹ lọ na ọwọ́ sí ihò èéfín yẹn nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ooru tó yẹ kó wà lára Màmá, àwọn ẹyẹ orí òrùlé ló ń yá a."

Onígáàsì rẹ́rìn-ín kan tí kò dé ojú rẹ̀. "Iná tìẹ yìí, ibo ló ti ń wá? Ṣé láti ojú ọ̀run ni? Gáàsì náà ni wọ́n ń jó níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Púpọ̀ nínú ooru gáàsì yẹn á ti bá atẹ́gùn lọ níbẹ̀, ìyókù á tún máa dín nínú wáyà kó tó dé ìdí ògiri yìí. Ìwọ wá dúró sídìí ògiri, o ní kò sí èyí tó ṣòfò. O dà bí ẹni tí wọ́n fi agbọ̀n pọn omi wá fún láti odò, tó wá ń yangàn pé ife òun kò jò."

"Èyí tó wọ ilé Màmá ni mò ń sọ. Èyí tí wọ́n ń sanwó rẹ̀."

"Tó bá jẹ́ owó lo fẹ́ sọ, a jẹ́ pé o ò fẹ́ràn ìyá ẹ nìyẹn. Ṣé o ò mọ èyí tó wọ́n jù ni?"

Alásè gbóhùn sókè láti yàrá. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́. Ilé ti ń móoru."

Ìyá Alágbàfọ̀ jókòó sáàárín wọn pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ lórí itan rẹ̀. Bó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ó dà bíi pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ọ̀kan ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá, èkejì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà. Ó la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti kọjú sí i.

"Màmá, ẹ̀yin gan-an," ni àkọ́bí wí, "èwo lẹ fẹ́?"

Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń béèrè. Ìyá wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, àbúrò náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti gbé ife tíì dúró sí ẹnu láì mu ún.

"Èyí tó bá ṣáà ti móoru," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí.

Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Onígáàsì ní ó dáa, kí àwọn dán an wò, kí ojú gbogbo èèyàn là. Ó de fáànù tuntun mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ bàbá wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún fùù. Wọ́n pín ilé sí méjì bí ẹni pín ogún. Gáàsì gba pálọ̀ àti ilé ìdáná, iná gba yàrá méjèèjì. Kálukú gbé ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ooru kọ́ ògiri tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òfin wá dé. Kí wọ́n máa pa ilẹ̀kùn tó wà láàárín dé. Kí wọ́n má ṣe tẹ́ aṣọ sídìí ilẹ̀kùn, nítorí ìyẹn á ran ẹnì kan lọ́wọ́ ju ẹnì kejì lọ. Kí wọ́n má ṣe ṣí fèrèsé. Ọ̀rọ̀ fèrèsé gan-an ló yẹ kó dun èèyàn, nítorí igi ẹnu rẹ̀ ti súnkì tipẹ́, ọwọ́ ọmọdé lè gba àlàfo rẹ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ ń wọlé bó ṣe wù ú, ooru gáàsì àti ooru iná sì jọ ń gba ibẹ̀ jáde láì bá ara wọn jà. Kò sí ẹni tó sọ ti fèrèsé nínú wọn. Wọn kì í ta fèrèsé.

"A ti di adìẹ inú ẹ̀rọ tó ń bá ìyá adìẹ sàba," ni Alásè wí. "Bóyá a máa yé ẹyin lópin ọ̀sẹ̀."

Ó ń fi gbogbo rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí Onígáàsì bá wá wo ohun èlò tirẹ̀, á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá òun lè mí, tàbí èémí òun ń gbè sẹ́yìn àbúrò rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó gbé ife tíì gbígbóná kalẹ̀ sórí pẹpẹ tó wà lábẹ́ ohun èlò Oníná, ó jókòó, ó ń wò ó bó ṣe ń gòkè. Ìyá Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú ọkọ rẹ̀.

Ọjọ́ tí àwọn ọmọ kó ara wọn jọ láti wo èsì, àwọn méjèèjì wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n dúró bí amòfin. Ti Oníná ló gbóná jù díẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń dán. Alásè, tó rò pé ẹ̀rín ni òun máa pa gbogbo ilé, wá ní, "Ẹ má dá a lóhùn, tíì mi ló ń lò. Èmi ni mo ti ń gbé ife sí abẹ́ rẹ̀. Àánú ẹ̀ ń ṣe mí, ó rù jù."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Mo mọ̀!" ni Onígáàsì kígbe. "Ó ti kọ́ Màmá Àgbà ní èrú!"

"Èmi kọ́ wọn? Ẹ̀yin tí ẹ fi síítóòfù ìdáná kún tiyín lójoojúmọ́, tí Màmá ń se ọbẹ̀ láti àárọ̀? Ṣé ẹ̀rọ yín ló ń se ọbẹ̀ ni?"

Alásè na ọwọ́. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, eré ni mò ń ṣe."

Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọjá ibi eré. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tíì, wọ́n sọ ti ọbẹ̀, wọ́n padà sọ ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sọ ti ìgbà tí bàbá wà lórí àìsàn, ẹni tó wà níbẹ̀ àti ẹni tó wà nílé ẹ̀kọ́. Onígáàsì wọ ilé ìdáná, ó mú irinṣẹ́ ìtúdè, ó sì tú fáànù tó fúnra rẹ̀ dè mọ́lẹ̀. Ó fi í sínú àpò aṣọ rẹ̀.

"Màmá, ọjọ́ tí pàǹtí yìí bá kúrò nílé yìí ni mo máa dá a padà."

Ó rò pé ẹ̀rọ oníná ṣì wà níbẹ̀, pé ara wọn ò ní tutù. Ká sọ òtítọ́, ohun tó rò nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, Oníná gbé mọ́tò wá sẹ́nu ọ̀nà, ó kó ẹ̀rọ méjèèjì sẹ́yìn rẹ̀.

"Mo ti kó tèmi o, Màmá. Kò ní sọ pé èmi ni mò ń dí òun lọ́wọ́. Ẹ pè é, ẹ ní kó gbé tiẹ̀ padà wá."

Òun náà rò pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gbọ́n òun á ti dé.

Ìyá Alágbàfọ̀ pe Onígáàsì. Ó ní, "Ṣé òun ló ní kí ẹ pè mí? Kó fẹnu ara rẹ̀ pè mí, kó ní òun jẹ̀bi." Ó pe Oníná, ó ní, "Láéláé. Ojú ẹ̀gbọ́n mi á wálẹ̀. Ẹ fún un láyè díẹ̀." Ó tún pè wọ́n, ó tún pè wọ́n. Kálukú béèrè ohun tí ẹnì kejì wí. Kò sẹ́ni tó béèrè bí ilé ṣe rí.

Òtútù gidi wá balẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó gba ẹnu fèrèsé, ó dà bí omi tó ń kún ilé díẹ̀díẹ̀. Irin ara ògiri tutù débi pé ó ń ta èèyàn lọ́wọ́. Àwọn obìnrin méjèèjì wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, èémí wọn ń yọ bí èéfín lẹ́nu, Alásè sì ní òun ti di ẹ̀rọ gáàsì báyìí, kí wọ́n pe Onígáàsì kó wá wo fáànù òun. Wọ́n jókòó sílé ìdáná nígbà tí síítóòfù bá ń jó, ṣùgbọ́n àga onígi tó wà níbẹ̀ le, ẹsẹ̀ Alásè kò sì gbà kó jókòó pẹ́.

Obìnrin aránṣọ kan ni ilé rẹ̀ fara ti tiwọn. Ó wá dá owó abẹ́rẹ́ tó yá padà, kò sì lè jókòó.

"Ẹ̀yin Màmá, kí ló dé? Ibí yìí tutù ju ìta lọ! Ẹ̀yin tí ẹ bí oníṣẹ́ ooru?"

Kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ oníná kékeré kan wá, èyí tó máa ń gbé sídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó tì í bọ ògiri níwájú àga Alásè. Irin inú rẹ̀ pọ́n díẹ̀díẹ̀. Alásè di ojú, ó na ọwọ́ àti orúnkún sí i, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, èyí tó jẹ́ ohun tuntun nínú ilé yẹn. Ó sùn dáadáa.

Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó Onígáàsì yà láti gbé búrẹ́dì fún wọn. Ó rí ẹ̀rọ náà.

"Háà, Màmá. Ẹ ti wá bá ọmọ yín kékeré ṣe."

"Ti aránṣọ ni," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí kíákíá. "Ó kàn yá wa ni. Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni."

"Mi ò sọ nǹkan kan o, Màmá," ni ìyàwó ọmọ wí, ohùn rẹ̀ sì ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. "Ọkọ mi á gbọ́ ná."

Nígbà tó lọ, Ìyá Alágbàfọ̀ dúró lójú kan láàárín yàrá. Ó ń rí ojú àkọ́bí rẹ̀ nígbà tó bá gbọ́. Ó ń rí i pé fáànù náà kò ní padà wá mọ́, pé ọmọ yẹn lè má fẹsẹ̀ tẹ ilé náà mọ́ láé, pé àwọn ènìyàn á ní òun ló ya àwọn ọmọ òun. Gbogbo ìyá tó bá bí ju ẹyọ kan lọ ló mọ ẹ̀rù yẹn. Kí oòrùn tó lọ sílẹ̀, ó ti yọ ẹ̀rọ náà lára ògiri, ó ti gbé e padà fún aránṣọ, ó dúpẹ́, ó ní àwọn ọmọ ti tún tiwọn ṣe. Irọ́ ni.

Alásè ń wo ibi tí ẹ̀rọ náà wà tẹ́lẹ̀.

"O ti dá a padà?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo gbè sẹ́yìn ẹnì kan, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù. Wọ́n máa tó parí ẹ̀."

Alásè fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó fa ẹ̀wù mọ́ra. "Àbúrò," ó ní, "èmi náà wà nínú ilé yìí o."

Kò pariwo. Ohùn tó fi sọ ọ́ rẹlẹ̀ débi pé Ìyá Alágbàfọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa, ó ní òun fẹ́ lọ gbé omi kaná.

Ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́ lásán. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ sí àyà. Nígbà tí wọ́n fi gbé Alásè dé ilé ìwòsàn, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Dókítà ní òtútù ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì béèrè irú ilé tí arúgbó náà ń gbé. Ìyá Alágbàfọ̀ sọ àdírẹ́sì fún un. Dókítà ní kì í ṣe ohun tí òun ń béèrè nìyẹn.

Ilé ìwòsàn yẹn kan náà ni, ibi tí Ìyá Alágbàfọ̀ ti fi irin lọ aṣọ ibùsùn láti ọ̀dọ́ rẹ̀. Yàrá àwọn aláìsàn móoru rẹ́gí, láti igun kan dé èkejì. Alásè yí orí sí i lórí ìrọ̀rí.

"Ibí dáa," ó ní. Ọ̀rọ̀ ń gé mọ́ ọn lẹ́nu. "Ta ló ń bá wọn ṣe é? Àbí wọn ò bí ọmọ ni?"

Àbúrò rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín fún un, ẹ̀rín náà kọ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà ti móoru nígbà yẹn, ó móoru ju bó ṣe yẹ lọ, ibà ló ń mú un gbóná. Alásè kò padà wálé mọ́.

Àwọn ọmọ méjèèjì ké nígbà tí wọ́n gbọ́. Ẹkún gidi ni, kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀; obìnrin náà ló máa ń fi oúnjẹ iléèwé pamọ́ fún wọn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n ojú wọn kò tíì gbẹ kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

"Mo rò pé ẹ̀rọ rẹ ṣì wà níbẹ̀," ni Onígáàsì wí.

"Mo rò pé ẹ ti dá fáànù padà," ni Oníná wí.

"Ká ní o fi gáàsì bàbá wa sílẹ̀ jẹ́ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀—"

"Ká ní ẹ jẹ́ kí wọ́n lo iná—"

Ìyá wọn ń gbọ́ láti orí àga. Ó rò pé òun máa pariwo. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ pariwo? Àwọn méjèèjì ń sọ pé àwọn kò mọ̀. Òun nìkan ló wà nínú ilé náà, òun nìkan ló mọ̀, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ooru kúrò ní orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n dé pẹ̀lú irinṣẹ́. Onígáàsì de fáànù padà. Oníná gbé ẹ̀rọ mẹ́ta wá dípò méjì. Kò sẹ́ni tó gbà kí ti ẹnì kejì nìkan ṣiṣẹ́, wọ́n bá tan gbogbo rẹ̀. Ilé náà gbóná bí ilé búrẹ́dì. Òógùn ń sọ̀ kalẹ̀ ní iwájú orí wọn, wọ́n sì ń bi ìyá wọn bóyá ó ń gbádùn rẹ̀. Ó dìde, ó ṣí fèrèsé pálọ̀. Ó ṣí ti yàrá rẹ̀. Ó ṣí ti Alásè. Onígáàsì sáré lọ pa wọ́n dé, ó ní ooru ń ṣòfò. Ìyá rẹ̀ tún lọ ṣí wọn.

"Kó máa ṣòfò," ó ní. "Ẹni tí mo ń fẹ́ ẹ fún ti lọ."

Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, ó pe káfíńtà, káfíńtà náà kan igi tuntun sí ẹnu gbogbo fèrèsé ilé náà. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Alásè, ó ń wò ó bó ṣe ń kàn án, ó sì ń ronú pé iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni.

Àwọn ọmọ náà parí ìjà. Kì í ṣe òun ló parí ẹ̀ fún wọn, kì í sì í ṣe ikú Alásè. Ẹnì kan tó ń kọ́ ilé ìtura ńlá ló wá, ó fẹ́ gáàsì fún omi, ó fẹ́ iná fún àwọn yàrá, kò sì fẹ́ bá oníṣẹ́ méjì sọ̀rọ̀. Onígáàsì rékọjá títì lọ bá àbúrò rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba ṣọ́ọ̀bù kan tó fẹ̀, wọ́n wó ògiri àárín rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ bàbá wọn sókè, wọ́n kọ "Gáàsì àti Iná" sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi mọ́tò wá gbé ìyá wọn pé kó wá wo nǹkan ayọ̀. Wọ́n gbé àga tó dára jù fún un. Ìyàwó Onígáàsì ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń fọwọ́ gbá ara wọn léjìká.

Oníbàárà kan wọlé, ọ̀dọ́mọbìnrin tí oyún rẹ̀ ti yọ, ó ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé, pé kí ni kí àwọn lò, gáàsì ni àbí iná? Pé àwọn èèyàn ń sọ oríṣiríṣi.

Onígáàsì rẹ́rìn-ín sí i. "Ẹ má dá wọn lóhùn, ìyáàfin. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Ilé tó bá tóbi, tí páìpù gáàsì ti wà níbẹ̀, gáàsì lè rọ̀ yín lọ́rùn. Yàrá kékeré tí ẹ kì í pẹ́ nínú rẹ̀, ẹ fi iná sí i."

"Ẹ kọ́kọ́ dí gbogbo ibi tó ń jò," ni Oníná fi kún un. "Fèrèsé, ìdí ilẹ̀kùn. Tí ìyẹn bá ti dáa, èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì á ṣe é. Ìyàtọ̀ wọn ò tó ohun tá a ń jà lé lórí."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rántí ìwà èwe.

Ìyá Alágbàfọ̀ gbé ìgò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ mọ ìyẹn?" ó ní.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà wo ojú ẹnì kan, ó wo ojú èkejì.

"Màmá," ni Onígáàsì wí jẹ́jẹ́, "oníbàárà wà níbí."

"Mo rí i. Mo ní ìgbà wo lẹ mọ̀ ọ́n?"

Oníná tẹ orí ba. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi àtàǹpàkò nu eruku tí kò sí lórí tábìlì. Nínú bí wọ́n ṣe dákẹ́ ni ìyá wọn ti rí ìdáhùn: wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí oníṣẹ́ ooru tí kò mọ̀ ọ́n. Òun pàápàá mọ̀ ọ́n nígbà tó jókòó sáàárín wọn pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ lórí itan, ó sì gbé e mì.

Ó dìde, ó wá àpamọ́wọ́ rẹ̀. Oníná ní kí àwọn fi mọ́tò gbé e lọ. Ó ní rárá, ó fẹ́ rìn. Láti ẹ̀yìn ó gbọ́ ìyàwó Onígáàsì tó ń ṣàlàyé fún oníbàárà pé ẹ má bínú, ọjọ́ ogbó ni, wọ́n pàdánù ẹ̀gbọ́n wọn láìpẹ́.

Wọ́n ṣì máa ń wá kí i, àwọn méjèèjì papọ̀ báyìí, nínú mọ́tò kan náà. Ó ń se oúnjẹ fún wọn, ó ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ilé móoru, á ní ó móoru. Àga onítìmùtìmù ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣófo, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn jókòó sí i.